Ẹfọ̀n Tó Kan Ọdẹ́jìnmí

Ẹnì kan á fọ́ ìkòkò lọ́nà odò, á dé ilé, á ní ajá ló sáré gba abẹ́ òun kọjá. Ẹlòmíràn á jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná, á ní igi ìdáná ni kò dára. Àgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri kò ní bá wọn jiyàn. Yóò kàn fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu, yóò ní: “Ẹfọ̀n tó kan Ọdẹ́jìnmí, orí igi ló ń gbé.”

Ta ló wá rí ẹfọ̀n lórí igi rí? Ẹran tó wúwo ju ọkùnrin mẹ́wàá lọ, tó jẹ́ pé bó bá ń rìn, ilẹ̀ á máa dáhùn. Ta ló gbé e gòkè? Ẹnu àwọn àgbà la ti gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ náà, iwájú wọn náà la ó sì ti sọ ọ́. Ibi tó bá wọ́, kí wọ́n bá wa tò ó.

Ọdẹ kan wà ní Òkè Ìyeyè tó ń jẹ́ Ọdẹ́jìnmí. Kì í ṣe ọdẹ tí ń rìn kiri igbó. Òkè ni tirẹ̀. Yóò di igi mélòó kan pọ̀ mọ́ ẹ̀ka, yóò fi ìtàkùn so wọ́n le, èyí ló ń pè ní pẹpẹ rẹ̀. Orí rẹ̀ ni yóò jókòó sí láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí ẹran yóò fi gba abẹ́ kọjá. Bí ìbọn rẹ̀ bá dún, àwọn obìnrin ilé á kàn gbé omi kaná ni, wọn kì í dúró béèrè bóyá ó bà á. Ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ náà, ọ̀gá ni.

Ọmọ Baba Àjùwọ̀n ló fẹ́, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Akọ̀pẹ ni Baba Àjùwọ̀n, ó ti ń gun ọ̀pẹ láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀, kò sì já bọ́ rí. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ìyàwó wọlé ọkọ, bàbá náà wá kí wọn. Ó mú igbà kan dání, okùn tí akọ̀pẹ fi ń yí ara rẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ́ ọ, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé.

“Ọkọ ọmọ mi,” ó ní, “èmi kò ní ilẹ̀, n kò ní ìbọn. Ohun tó ń gbé mi sókè tó sì ń sọ̀ mí kalẹ̀ ni mo mú wá fún ọ. Bí o bá ti dé orí pẹpẹ rẹ, fi yí igi, fi yí ìbàdí, kí o tó gbé ìbọn lé itan. Kí o sì má fi okùn èṣí gun igi ọdún yìí. Òjò ń jẹ okùn, oòrùn ń jẹ okùn, ojú kì í rí i.”

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dúpẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìpàdé àwọn ọdẹ. Nígbà tí ẹmu ti wọ ara, ó na igbà náà sókè fún gbogbo wọn wò.

“Ẹ wá wo ohun tí àna mi fún mi! Ó ní kí n so ara mi mọ́gi bí àgbò ọdún.”

“Ó fẹ́ràn rẹ ni,” ẹnì kan wí.

“Mo mọ̀! Ṣùgbọ́n bí ẹran bá gbójú sókè, tó bá èmi lórí ìso, ta ni yóò gbà pé èmi ni ọdẹ nínú àwa méjèèjì?”

Ẹ̀rín bú. Olúọdẹ pàápàá, arúgbó tí kì í fi eyín hàn, bo ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ igi gígun rí láàárín wọn. Ọdẹ tí ẹran bá ṣe léṣe, akọni ni, wọ́n á máa sun ìjálá kí i lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọdẹ tó bá já bọ́ lórí igi, ìjókòó rẹ̀ á kúrò láàárín ẹgbẹ́, á di ẹ̀bá ìlẹ̀kùn, lọ́dọ̀ àwọn tí kò tíì pa ẹran àkọ́pa. Ibẹ̀ ni yóò wà títí ọdún á fi yí po. Ọdẹ́jìnmí ti fi àwọn tó jókòó níbẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Nígbà tó délé, ó ju igbà náà sẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀. “O ń wá okùn fún ewúrẹ́ rẹ. Èyí le dáadáa.”

Àwẹ̀ró wò ó. “Bàbá mi ló lọ́ ọ fún yín.”

“Ewúrẹ́ náà kò ha níláti ní ààbò?”

Àwẹ̀ró mú okùn náà. Ó so ewúrẹ́ mọ́ ìdí ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé, igbà bàbá rẹ̀ lọ́rùn ewúrẹ́.

Òjò rọ̀, òjò dá. Ọdún yí, ìyeyè so létí odò, ó ń bọ́ sílẹ̀ pupa fòò, ẹran sì ń wá jẹ ẹ́ láàárọ̀. Igi ayùnrẹ́ kan kọjú sí ibẹ̀ gan-an, pẹpẹ tí Ọdẹ́jìnmí so lọ́dún tó kọjá ṣì wà lórí rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ tún un so, ó di kó gé ìtàkùn tútù, kó rẹ ẹ́ sómi, kó gòkè lọ tú ti àtijọ́. Iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ni. Ó dúró lábẹ́ igi, ó gbá igi náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni gbá ẹṣin, ó gbójú sókè.

“Ó ṣì dúró,” ó wí.

Ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, ó gùn ún, ìbọn léjìká. Ojúmọ́ mọ́ kedere. Ẹtu kan yọ sábẹ́ ìyeyè, ó ń rìn bí ìyàwó tuntun. Ọdẹ́jìnmí nà síwájú díẹ̀ kí ojú ìbọn lè bá a. Ó gbọ́ ìró kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá la obì. Okùn ẹ̀gbẹ́ igi ló já. Igi kan yí lábẹ́ ìdí rẹ̀, pẹpẹ dà á nù bí ẹni da omi ẹ̀kọ, ó sì padà sáyè rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó fọwọ́ méjèèjì gbá ara igi mú, èèpo igi bó o láwọ̀ láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn náà ló kan ilẹ̀. Ìbọn balẹ̀ lọ́tọ̀, ó dún sínú ewé. Ẹtu ti lọ.

Kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti dá, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé yí ká, bóyá ẹnì kan rí òun.

Kò sẹ́nì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fàyà fà kúrò lábẹ́ igi náà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún bí iná, ṣùgbọ́n kò dúró àfi ìgbà tó dé ẹrẹ̀ etí odò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rò pé láti òkè ló ti wá. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin méjì tó ń ti oko ilá bọ̀ bá a.

“Yéè! Bàbá ọdẹ! Kí ló ṣe yín?”

Ó la ẹnu. Pátákò ẹfọ̀n tó ti kọjá níbẹ̀ láti ìjẹta wà nínú ẹrẹ̀, lẹ́bàá ọwọ́ rẹ̀ gan-an.

“Ẹfọ̀n,” ó wí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó lẹ́sẹ̀ ju ẹni tó sọ ọ́ lọ. Kí wọ́n tó gbé Ọdẹ́jìnmí dé ilé, ọ̀rọ̀ náà ti jókòó ní ilé Olúọdẹ.

Baba Àjùwọ̀n ló wá tọ́jú ẹsẹ̀. Àwọn akọ̀pẹ mọ eegun í tò. Wọ́n ti rí i lára ẹlẹgbẹ́ wọn. Ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó to eegun, ó dì í mọ́ pákó. Lẹ́yìn náà ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀. Èèpo igi há sínú ẹran ọwọ́ náà. Ó wo inú apá tó bó. Ó wo itan, ó wo ìhà. Kò rí ojú ìwo kankan. Ó wá wo ojú Ọdẹ́jìnmí.

“Ẹfọ̀n náà tóbi bí?”

“Ó tóbi, Baba.”

“Ó ga?”

Ọdẹ́jìnmí gbé ojú sí àjà. “Ó ga, Baba.”

Bàbá náà ń yọ èèpo igi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o sínú àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Bí Olúọdẹ ṣe ń kágò wọlé, ó pa ọwọ́ dé, ó rìn lọ sídìí ààrò, ó da gbogbo rẹ̀ síná. Kò sọ nǹkan kan. Bó bá sọ ni, ìbá sàn fún Ọdẹ́jìnmí. Ìdákẹ́ náà ni kò jẹ́ kó lè sùn.

Àwọn ọdẹ ń wá, wọ́n ń sun ìjálá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń gbé iṣu wá, wọ́n ń gbé ẹran gbígbẹ wá. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń ní kó tún un sọ. Ó ní òun ti sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ kí ẹfọ̀n tó kan òun létí odò. Bó sì ti ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹfọ̀n ń dàgbà. Lọ́jọ́ kejì ó ti ní àpá lójú. Lọ́jọ́ kẹta ó ti ní ọmọ lẹ́yìn.

“Ìbọn yín dún,” Àwẹ̀ró wí fún un bó ṣe ń bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. “Ṣé ẹ bà á ni?”

“Mo bà á.”

Ìyẹn ló wá ba nǹkan jẹ́. Ẹfọ̀n tó gbọgbẹ́ kì í sá, ṣe ló ń ba de ènìyàn. Àwọn obìnrin ò dé odò náà mọ́, omi jíjìn ni wọ́n ń lọ pọn. Ilá gbó sóko. Ọdẹ́jìnmí ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ń fi ìkòkò lérí kọjá lẹ́yìn ògiri, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí wọ́n sì tún ń yà wọlé wá kí i kú ewu. Á fa aṣọ borí, á ní òun ń tòògbé.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Olúọdẹ dá ọ̀rọ̀ náà. Àṣà wọn ni pé ẹran tó bá ṣe ọdẹ léṣe, ọmọ ìyá ọdẹ náà ni yóò lọ jókòó sí ibi tí ọdẹ náà jókòó sí, títí yóò fi pa á. Àkàngbé nìkan ni Ọdẹ́jìnmí bá pín ọmú. Pańpẹ́ ni Àkàngbé fi ń dẹ ìgbẹ́, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, kò tíì pé ọdún tó gbéyàwó. Ó wá dágbére ní òwúrọ̀, ìbọn àyálò lọ́wọ́ rẹ̀, Olúọdẹ àti ọdẹ mẹ́rin dúró tì í lẹ́yìn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń lọ o.”

“Máa ṣọ́ra.”

Àkàngbé rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rù ẹfọ̀n ò bà mí. Òkè ló ń bà mí lẹ́rù láti kékeré, ẹ̀yin náà mọ̀. Pẹpẹ yẹn ńkọ́, ṣé ó dúró dáadáa?”

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun Ọdẹ́jìnmí. Ó rí Olúọdẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí àwọn mẹ́rin yòókù, àwọn tó fi ìjálá kí i láná. Ó rí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn.

“Ó dúró,” ó wí.

“Ó parí. Bẹ́ ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀.”

Wọ́n lọ. Lẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ ń ké, ó ń yí ìdí ìbẹ́pẹ po, ó ń fa okùn bí ẹni tó rí iṣu lókèèrè.

“Fà á lọ,” Àwẹ̀ró ń bá ewúrẹ́ wí. “Láti èṣí lo ti ń fà á, òjò pa á, oòrùn pa á, ṣé ó já? Bàbá mi ló lọ́ ọ.”

Ọdẹ́jìnmí gbọ́ ọ láti orí ẹní rẹ̀.

“Àwẹ̀ró! Tú ewúrẹ́ yẹn!”

“Kí ló dé?”

“Tú u! Mú igbà yẹn wá. Pe bàbá rẹ!” Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Baba Àjùwọ̀n ń la imọ̀ ọ̀pẹ níwájú ilé nígbà tí Àwẹ̀ró pè é. Ó wọlé, ó bá ọkọ ọmọ rẹ̀ nílẹ̀.

“Baba, kò sí ẹfọ̀n.”

“Mo mọ̀.”

“Àkàngbé ti lọ gun pẹpẹ yẹn.”

Bàbá náà kò bi í ní ọ̀rọ̀ kejì. Ó kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. “Gun ẹ̀yìn mi.”

“Háà! Baba! Èmi? Lẹ́yìn àna mi?”

“Ìtìjú rẹ ni kí a gbé, àbí àbúrò rẹ?”

Ó gùn ún. Àwẹ̀ró fi igbà náà dì wọ́n pọ̀, bí wọ́n ti ń fi ọ̀já di ọmọ, pákó ẹsẹ̀ rẹ̀ sì nà gbọọrọ síwájú. Báyìí ni wọ́n gba àárín ìlú kọjá lójú oòrùn. Ọkọ ọmọ ló yẹ kó máa ro oko àna, kó máa bá àna rù. Kò sẹ́ni tó rí i rí pé àna pọn ọkọ ọmọ. Ẹni tó ń gúnyán gbé ọmọ odó dúró.

“Ẹ wò ó o! Ọdẹ́jìnmí kọ́ nìyẹn?”

“Òun mà ni! Ta ló pọ̀n ọ́n yẹn?”

Ọdẹ́jìnmí fi ojú pamọ́ sí ọrùn arúgbó náà. Ó ń gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Kò sọ pé kó rọra. Ó ń sọ pé, “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára.”

Nígbà tí wọ́n yọ sétí odò, Àkàngbé ti ga tó ènìyàn mẹ́ta lórí ara wọn. Ó ti na ọwọ́ kan sí igi àkọ́kọ́ nínú pẹpẹ.

“Àkàngbé! Má fọwọ́ kàn án! Sọ̀ kalẹ̀!”

Olúọdẹ yí padà pẹ̀lú ìbínú. “Ṣé kí ẹfọ̀n gbọ́ wa lo fẹ́ ni?”

“Bàbá, kò sí ẹfọ̀n.”

“Kò sí bí? Èyí tó kàn ọ́ ńkọ́?”

Ibi tí Ọdẹ́jìnmí ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ márùn-ún ló dé yìí. Lẹ́yìn àna rẹ̀ tó wà, bí ọmọ tí ò tíì já lẹ́nu ọmú, ó gbé ọwọ́ tó bó láwọ̀ sókè, ó na ìka sí pẹpẹ.

“Èyí tó kàn mí, orí igi ló ń gbé,” ó wí. “Òun nìyẹn.”

Wọ́n gbójú sókè wo pẹpẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín pa ẹnì kan, ó fẹ́ gbé e mì, kò lè gbé e mì. Ó bú sí i. Ni gbogbo wọn bá bú sí i. Ẹnì kan jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín.

“Ẹfọ̀n orí igi! Ó mà ní ọmọ lẹ́yìn!”

“Ó ní àpá lójú pẹ̀lú! Iṣu mi méjì ńkọ́, ẹfọ̀n ló jẹ wọ́n?”

Àkàngbé ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Baba Àjùwọ̀n tú igbà, ó gbé ọkọ ọmọ rẹ̀ jókòó sórí koríko. Ó fi igbà yí igi ayùnrẹ́ ká, ó fi yí ìbàdí rẹ̀, ó gòkè bí ẹni ń lọ sí yàrá. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, ó fara ti igbà, ó gba ọ̀pá gígùn kan lọ́wọ́ ọdẹ tó wà nílẹ̀, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ ti pẹpẹ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, jẹ́jẹ́, bí ẹni jí ọmọ lójú oorun.

Gbogbo rẹ̀ wó. Igi mẹ́jọ ló já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gún ilẹ̀ níbi tí Àkàngbé ti fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fọ́ igbá omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà náà yángá.

Ẹ̀rín gé. Olúọdẹ bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìtàkùn kan nílẹ̀, ó fi ìka méjì pa á. Ó kúnná bí aáṣáà. Ó wò ó, ó fẹ́ ẹ dànù.

Àkàngbé wá lóṣòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò le. Ìyẹn ló burú jù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo bi yín.”

“O bi mí.”

“Ẹ ní ó dúró.”

Ọdẹ́jìnmí wolẹ̀. Àkàngbé mú bàtà rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi, ó gbọ̀n ọ́n, ó wọ̀ ọ́, ó sì lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé.

Láti ọjọ́ náà, nígbà tí òjò bá ti dá ní Òkè Ìyeyè, gbogbo ọdẹ ló ń wó pẹpẹ èṣí, tó ń gé ìtàkùn tútù. Kò sí ẹni tó ń gun igi láìsí igbà níbàdí mọ́. Baba Àjùwọ̀n ló lọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbó. Bí wọ́n bá sì bi ọdẹ bóyá pẹpẹ rẹ̀ dúró, kì í fi ẹnu dáhùn, ọ̀pá ló ń mú.

Ọdẹ́jìnmí jókòó sẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ọdún yí po tí wọ́n ní kó padà sáàárín, ó ní ibẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn, ẹsẹ̀ òun kò jẹ́ kí òun lè máa dìde. Ó ń tiro. Àwọn ọmọdé ń pè é ní Bàbá Ẹlẹ́fọ̀n, ó sì ń dá wọn lóhùn. Ẹ̀rín ìlú mọ́ ọn lára nígbà tó yá. Ọ̀rọ̀ tí Àkàngbé sọ ni kò mọ́ ọn lára. Àkàngbé kò tún un sọ láéláé. Ó ń wá kí i, ó ń gbé ọmọ rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, ó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n ń gbọ́ ọ: “Ẹ ní ó dúró.”

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà pa òwe. Ọmọkùnrin kan já bọ́ lórí ìyeyè, ó ń sunkún pé ẹnì kan ló ti òun. Ọdẹ́jìnmí ní kó jókòó ti òun. Ó ní, “Ẹfọ̀n tó kàn mí, orí igi ló ń gbé. Tìrẹ ńkọ́?” Ọmọ náà nu imú, ó ní ẹ̀ka gbígbẹ ni òun dì mú. “Ó dára,” ó ní. “Sáré lọ sọ fún àwọn tó kù lórí rẹ̀.”

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí, tí àgbà sì wò ó tó ní ẹfọ̀n tó kan Ọdẹ́jìnmí, orí igi ló ń gbé, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni, bóyá ẹlòmíràn ti ń gun igi náà lọ.